Níbo Lọtí Yìí Ti Wá?

"Níbo lọtí yìí ti wá?"
Ọ̀gá kan ló bi mí, ní Maitama, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
bí mo ṣe fa ìdérí ìgò yọ tó dún pọ́ọ̀
bí ẹni fẹnu konu ọmọ jòjòló.
Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò:
orúkọ òkè kan, orúkọ odò kan, ọdún kan,
ahọ́n mi ń gbé wọn bí ẹni gbé ẹyin.
Ó mi orí. Mo bù ú,
mo yí ọrùn ìgò díẹ̀ kó má kán sáṣọ tábìlì.
Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọdún kẹsàn-án rèé.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó ku ìka kan nísàlẹ̀ ife.
Mo gbé e lọ sí kíṣìnì, mo nà án sókè síbi gílóòbù.
Ó pọ́n bí osùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀,
etí rẹ̀ ti ń yà sí àwọ̀ bíríkì.
Mo fi imú sí i:
àgbálùmọ̀ tó pọ́n ju bó ṣe yẹ,
awọ bàtà tuntun, igi tí òjò pa,
àti nǹkan kan báyìí, bí irin,
bí omi inú kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ ní Bukuru.

Bukuru!
Ìwọ ọtí, ta ló rán ọ sí mi?

Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n inú òtútù la bí mi sí.
Réluwé ló gbé e débẹ̀, réluwé ló ń bọ́ wa.
Ẹ̀yìn ilé wa ni Bàbá Dalyop, ọmọ Bírọ́ọ̀mù, gbin àjàrà sí,
ẹ̀ka kan péré, kò gùn ju apá ọmọdé lọ,
tí Fadá arúgbó kan fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń padà sílé.
Àdúgbò rẹ́rìn-ín:
àjàrà ọ̀hún, èyí tí à ń kà nínú Bíbélì?
Ó gbin igi orò yí i ká. Kò bù ajílẹ̀ sí i.
Àárín òkúta ló fi sí, ó ní kí ebi kọ́ ọ lọ́rọ̀:
"Ohun tó bá yó kì í ní ìtàn."

Ọyẹ́ a bọ́ ewé rẹ̀ tán porogodo.
Yìnyín a lù ú bí ẹni lu olè.
Lọ́dún kẹrin ó so, wẹ́wẹ́, dúdú, bí ojú eku.
Bàbá Dalyop fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ̀ wọ́n,
ó ri ìkòkò mọ́ iyanrìn, ó lé àwa ọmọdé sẹ́yìn:
"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó ń ronú."

Ọdún tí ìlú dàrú, òru la jáde nínú típà.
Ó sáré tẹ̀ lé wa, ó ki ìgò kan bọ ìyá mi lọ́wọ́,
ṣùkù àgbàdo ló fi dí i lẹ́nu.
A ò mọ̀ ju ìyẹn lọ nípa rẹ̀ mọ́.
Ní Akwanga, ìyá mi fi ọmọrí fúláàsì bù ú fún wa,
gbẹ̀mù kan ẹnì kan, títí kan àbúrò mi tó ń sunkún.
Ó kan. Ó korò.
Lẹ́yìn náà, nígbà tí gbogbo wa ti dákẹ́,
ó dùn.

Ọ̀gá náà padà wá lọ́jọ́ Àìkú, irú ìgò kan náà ló bèèrè.
"Ẹ̀yin, ẹ gbàgbé. Níbo lẹ ní ó ti wá?"
"Ibi tí òkúta pọ̀ sí ni, sà."
Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ife.
Mo yí ọrùn ìgò díẹ̀.